Field of Glory II: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ogun Ayé Àtijọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ géèmù yìí máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n látinú ọ̀pọ̀ ogun tí mo ti jà nínú rẹ̀, èyí tí mo borí àti èyí tí wọ́n ti borí mi. Ọdún ogun àtijọ́ tí mo bá dárúkọ, ṣáájú ìbí Kristi ni, àyàfi níbi tí mo bá ti sọ pé lẹ́yìn ìbí rẹ̀ ni.

Irú géèmù wo ni Field of Glory II, ta ló sì ṣe é?

Géèmù ogun ni, níbi tí ẹ ó ti jẹ́ ọ̀gágun tó ń darí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun lójú ogun kan ṣoṣo, láti ìgbà tí ìhà méjèèjì bá ti kọjú síra wọn títí di ìgbà tí ọ̀kan bá fọ́n ká. Kò sí ìlú tí ẹ óò kọ́, kò sí owó orí tí ẹ óò gbà, kò sí irin tí ẹ óò wà nínú ilẹ̀. Ìjà náà gan-an ni gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Byzantine Games ló ṣe é, Slitherine ló sì gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Richard Bodley Scott tó ṣe ètò òfin rẹ̀ ti wà lára àwọn tó kọ òfin Field of Glory ti orí tábìlì tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi àwọn ère ọmọ ogun kéékèèké gbá, kí ó tó gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí òfin géèmù náà fi ní gbòǹgbò: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ogun, ẹ lè tọpa ìdí tó fi ṣẹlẹ̀.

Báwo ni ìgbà tó kàn mí àti ìgbà tó kan ọ̀tá ṣe ń lọ?

Nígbà tó bá kàn yín, ẹ ó gbé gbogbo ọ̀wọ́ ọmọ ogun yín bó ṣe wù yín, lẹ́yìn náà ó di ti ọ̀tá. Ẹ lè fi wákàtí kan ronú lórí ọ̀wọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò ní lé yín. Ilẹ̀ ojú ogun pín sí àpótí onígun mẹ́rin, ọ̀wọ́ kan sì ń gba àpótí kan. Ẹlẹ́ṣin ń rìn jìnnà ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ, igbó àti ẹrẹ̀ ń dín ìrìn kù, bẹ́ẹ̀ ni yíyí ojú ọ̀wọ́ padà sí ọ̀nà mìíràn kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó wúwo. Ẹni tó bá ti fi ojú ọ̀wọ́ rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ lè pàdánù ìgbà méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó tún un ṣe.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tuntun lẹ́nu. Ìjà tó ti bẹ̀rẹ̀ kì í dúró de ẹni tó kàn: ọ̀wọ́ méjì tó bá ti wọ̀yá ìjà yóò máa jà nígbà tó kàn yín àti nígbà tó kan ọ̀tá, ẹ kò sì lè pàṣẹ pé kí tiyín jáde kúrò níbẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó ní kí ọ̀wọ́ kan kọlu ọ̀tá, ẹ gbà pé ẹ ti yọ̀ǹda rẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun mi ń sá bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kú nínú wọn kò tó nǹkan. Ṣé àṣìṣe géèmù ni?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn láti dáhùn jù, nítorí ẹni tó bá yé ti mọ ìdajì géèmù náà. Nínú ogun ayé àtijọ́, àwọn tó ń kú nígbà tí ìlà méjì ṣì ń kọjú síra wọn kì í pọ̀. Ìgbà tí ìhà kan bá kẹ́yìn sí ọ̀tá, tí wọ́n ń ju apata nù kí ẹsẹ̀ wọn lè yá, ni ìpakúpa máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí géèmù náà ń wọ̀n lójú méjèèjì, nígbà náà, ni bóyá àwọn ènìyàn inú ọ̀wọ́ náà ṣì wà létòlétò, tí wọ́n ṣì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ẹ ó máa rí. Steady ni pé ọ̀wọ́ náà dúró ṣinṣin, ìlà wọn gún, wọ́n ń gbọ́ àṣẹ. Disrupted ni pé ìlà ti wọ́, àwọn kan ti já síwájú, àwọn kan ti fà sẹ́yìn, agbára ìjà wọn sì ti dín. Fragmented ni pé wọn kò tún jẹ́ ọ̀wọ́ mọ́ bí kò ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wẹ̀yìn. Wọn kò lè kọlu ẹnikẹ́ni mọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló kù kí wọ́n wó. Routed ni pé wọ́n ti ń sá. Nígbàkígbà tí ọ̀wọ́ kan bá fìdí rẹmi nínú ìfojúkojú, tàbí tí ọfà àti òkúta bá pa á lára jù, tàbí tí ọ̀wọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá sá, kọ̀ǹpútà yóò dán ọkàn wọn wò. Bí wọ́n bá yege, wọ́n dúró. Bí wọn kò bá yege, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan, nígbà mìíràn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ìdí wọ̀nyẹn dáadáa. Sísá ń ràn bí iná inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó wó láàárín ìlà lè mú kí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dàrú, ọ̀tá tó borí rẹ̀ yóò sì ti ráyè wọ ẹ̀yìn wọn. Mo ti rí ìlà ogun ọ̀wọ́ mẹ́wàá tó tú láàárín ìgbà mẹ́ta torí pé ọ̀kan tí kò ní ìrírí ni wọ́n fi sí àárín àwọn akọni.

Kí ló dé tí ọ̀wọ́ kan lè ṣe dáadáa nígbà tó kọlu ọ̀tá, kí ó sì wá máa pàdánù lẹ́yìn náà?

Nítorí pé géèmù náà ya ìkọlù àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà tó tẹ̀ lé e. Ìkọlù ni ìgbà tí ìlà méjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ara wọn. Agbára ìsáré, ọ̀kọ̀ tí wọ́n jù kí wọ́n tó dé, àti ìgboyà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà ọwọ́ sí ọwọ́, níbi tí idà, ìhámọ́ra àti ìrírí ti ń ka. Àwọn ọmọ ogun Gaul, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó máa ń bá Róòmù jà, lè ya bí omi kí wọ́n sì fọ́ ìlà yín lọ́jọ́ tí orí bá bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ogun Róòmù bá dúró ní ìkọlù náà, ìhámọ́ra wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyàtọ̀ hàn. Tí ẹ bá gbé àmì máòsì sórí ọ̀tá kí ẹ tó kọlù ú, kọ̀ǹpútà yóò fi hàn yín bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹ borí, kí ó di ọ̀mì, tàbí kí ẹ pàdánù. Ẹ máa kà á ní gbogbo ìgbà.

Àwọn ọlọ́kọ̀ gígùn ti Makedóníà ń lé àwọn ọmọ ogun Róòmù mi sẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bá wọn jà lójúkojú níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú. Ọ̀kọ̀ wọn gùn ju mítà márùn-ún lọ, orí ọ̀kọ̀ ìlà márùn-ún ló sì máa ń yọ síwájú ẹni àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mú idà lọ́wọ́ ní láti la igbó irin kọjá kó tó kan ènìyàn. Nínú géèmù, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà ní Steady, tí iye wọn pé, tí ilẹ̀ sì tẹ́jú, wọ́n lágbára ní ìkọlù àti nínú ìjà tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ìgbà tí mo sọ pé "níwọ̀n ìgbà" àti "tí". Ilẹ̀ págunpàgun ń já agbára wọn gbà. Ìdàrúdàpọ̀ ń já a gbà. Bí iye wọn ṣe ń dín kù ni àǹfààní ọ̀kọ̀ tó wà lẹ́yìn ń dín kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cynoscephalae ní ọdún 197 gan-an nìyí, nígbà tí Flamininus, ọ̀gágun Róòmù, dojú kọ Philip Karùn-ún, ọba Makedóníà, lórí òkè tí ìkùukùu bò. Apá ọ̀tún Philip ń ti àwọn ará Róòmù lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò tíì tò tán nígbà tí wọ́n kọlù ú. Ọ̀gá ọmọ ogun Róòmù kan tí ìtàn kò dárúkọ rẹ̀ mú ọ̀wọ́ 20 kúrò ní apá tó ti ń borí, ó yí wọn padà, ó sì kọlu ẹ̀yìn àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń borí ní ìhà kejì. Ẹni tó di ọ̀kọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ mú kò lè yí padà wàrà. Ibẹ̀ ni ogun náà parí sí.

Nítorí náà, ẹ fi àwọn akọni yín mélòó kan dá wọn dúró ní àárín, kí ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí ìkọlù lè pẹ́, kí ẹ sì kó agbára yín jọ sí ẹ̀gbẹ́.

Báwo ni kíkọlu ọ̀tá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe lágbára tó nínú géèmù yìí?

Ó lágbára ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ọ̀wọ́ tó wúwo tí ọ̀tá tó wúwo bíi tirẹ̀ bá kọlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan lójú ẹsẹ̀, láìsí ìdánwò kankan. Àwọn oníjà fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn àwọn tí kò wọ ìhámọ́ra wíwúwo, tó ń ju ọ̀kọ̀ tàbí ta ọfà láti òkèèrè, kò lè ṣe irú èyí fún wọn, ọ̀wọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò sì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìkọlù. Kò tó kí ó wulẹ̀ fi igun kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ogun kan tí mo jà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni Róòmù, òun ni Makedóníà. Ọlọ́kọ̀ rẹ̀ mẹ́ta ti ti àárín mi sẹ́yìn, méjì nínú ọ̀wọ́ mi ti di Disrupted, ọ̀kan ti di Fragmented. Ọ̀wọ́ Triarii kan ṣoṣo ló kù mí lẹ́yìn, àwọn àgbà ọmọ ogun tó ń lo ọ̀kọ̀, tí n kò tíì gbé rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àárín mi ṣe ń fà sẹ́yìn ni àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń ṣí sílẹ̀ ní apá òsì, nítorí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn tó yẹ kó bò wọ́n níbẹ̀ ti há sí ẹsẹ̀ òkè. Mo gbé Triarii lọ sí apá òsì ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, mo yí ojú wọn sí ọ̀tún, mo sì dákẹ́, mo ń gbàdúrà kí ọ̀rẹ́ mi má rí i. Kò rí i. Ní ìgbà kẹta, mo ní kí wọ́n wọlé. Ọ̀wọ́ tí wọ́n kọlù sọ̀ kalẹ̀ sí Disrupted, ó pàdánù ìkọlù náà, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Fragmented, nígbà tó sì kan ọ̀rẹ́ mi, ó sá. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dàrú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀wọ́ mi tó ti di Fragmented dúró síbẹ̀ títí ogun fi parí, kò sá.

Àwọn ẹlẹ́ṣin mi borí, wọ́n lé ọ̀tá lọ, n kò sì rí wọn mọ́. Kí ló fà á?

Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin ń ṣe. Ọ̀wọ́ tó bá borí máa ń lé ẹni tó ń sá, ẹ kò sì ní agbára lórí wọn títí wọn yóò fi dẹ́kun. Antiochus Kẹta, ọba Síríà, fi èyí pàdánù ogun ńlá méjì. Ní Raphia ní ọdún 217, ó fi apá ọ̀tún rẹ̀ fọ́ apá òsì Ptolemy Kẹrin ti Íjíbítì, ó ń lé wọn lọ jìnnà, nígbà tó sì padà wá, àárín ogun rẹ̀ ti túká. Ní Magnesia, nígbà tó dojú kọ Róòmù, ó tún ṣe ohun kan náà: ó lé àwọn tó wà níwájú rẹ̀ títí dé ibùdó wọn, nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ̀ ń kú lẹ́yìn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé bí mo bá ní ọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ní apá kan, mẹ́ta ni mo ń rán lọ jà. Ìkẹrin dúró. Nígbà tí àwọn yòókù bá sáré lọ, òun ni yóò yí sí ẹ̀yìn àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tá, bí àwọn ẹlẹ́ṣin tí Hasdrubal darí fún Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ṣe ṣe ní Cannae ní ọdún 216, nígbà tí wọ́n padà wá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Róòmù tí àwọn ọmọ ogun Hannibal ti há mọ́ àárín.

Erin ńkọ́? Ṣé ó yẹ kí n rà wọ́n?

Ó yẹ, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹṣin kì í fẹ́ súnmọ́ erin, torí náà àwọn ẹlẹ́ṣin tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn máa ń dàrú. Èyí ran Pyrrhus, ọba Epirus, lọ́wọ́ púpọ̀ nígbà tó bá Róòmù jà ní Heraclea ní ọdún 280. Wọ́n tún ń da ìlà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó dúró gírígírí rú. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ erin kò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, ọ̀kọ̀ àfijù àti ọfà sì ń bà wọ́n jẹ́ kíákíá. Bí ọ̀tá bá kó erin wá, ẹ kó àwọn oníjà fẹ́ẹ́rẹ́ síwájú wọn, kí wọ́n máa jù lù wọ́n láti òkèèrè. Ní Zama, ní ọdún 202, Scipio, ọ̀gágun Róòmù, fi ọ̀nà gbọọrọ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú erin Hannibal tó lé ní 80 sì gba ibẹ̀ kọjá láìṣe ìpalára tó yẹ.

Ṣé àwọn oníjà fẹ́ẹ́rẹ́ wúlò? Ó dà bí ẹni pé sísá nìkan ni wọ́n mọ̀.

Sísá náà ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀tá tó bá kọlù wọ́n yóò rìn síwájú lásán, ìlà rẹ̀ yóò wọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n síbi tí àyè ìsásẹ́yìn kò sí, nítorí ẹlẹ́ṣin lè bá wọn. Inú igbó ni wọ́n ti di ọba, torí ẹlẹ́sẹ̀ tó wúwo tó bá wọbẹ̀ yóò dàrú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Báwo ni mo ṣe lè borí àwọn tafàtafà orí ẹṣin?

Ẹ má lé wọn. Crassus, ọ̀gágun Róòmù, kó ẹgbẹ́ ogun ńlá Róòmù (legion) méje lọ sí Carrhae ní ọdún 53, àwọn ará Pátíà tí Surena darí sì ń ta wọ́n lọ́fà láti òkèèrè, pẹ̀lú ràkúnmí tó ń gbé ọfà tẹ̀ lé wọn. Ọmọ Crassus lé wọn jáde kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, wọ́n sì yí i ká pa á. Ẹ kó tafàtafà ẹlẹ́sẹ̀ tiyín jọ, ẹ fi ẹ̀yìn ìlà yín ti òkè tàbí odò, kí ẹ sì máa tẹ̀ síwájú pọ̀ kí àyè lè tán fún wọn.

Ṣé kí ọ̀gágun mi wọ ìjà?

Ọ̀wọ́ tí ọ̀gágun bá wà nínú rẹ̀ ń jà dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti ń jà, àwọn ọ̀wọ́ yòókù kò ní rí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti yí ojú tàbí láti gbà ara wọn padà lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀, bó bá sì kú, ọkàn àwọn tó wà nítòsí yóò já. Èmi kì í rán ọ̀gágun àgbà wọlé àfi nígbà tí mo bá rí i pé ìkọlù kan ṣoṣo ló kù kí ọ̀nà là. Àwọn ọ̀gágun kékeré tó wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì ni mo máa ń jẹ́ kó jà.

Ṣé kọ̀ǹpútà ń rẹ́ mi jẹ?

Kò rẹ́ yín jẹ. Bí ẹ bá gbé ìṣòro sókè, iye ọmọ ogun ni wọ́n ń fi kún tirẹ̀. Oríire àti àìríire wà nínú gbogbo ìkọlù, ọ̀wọ́ rere sì lè wó lọ́jọ́ burúkú. Ìdí tí ẹ fi nílò ọ̀wọ́ ìpamọ́ lẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ́ gbogbo ènìyàn rẹ̀ sí ìlà kan ṣoṣo ló máa ń pariwo jù pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ṣé mo lè bá ènìyàn mìíràn jà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ Slitherine tí wọ́n ń pè ní PBEM++ ló ń gbé ìgbésẹ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì, torí náà kò di dandan kí ẹ̀yin méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan náà. Ẹ gbá tiyín ní òwúrọ̀, òun gbá tirẹ̀ lálẹ́.

Àkókò wo ni géèmù náà kó já, àfikún wo ni kí n sì kọ́kọ́ rà?

Géèmù náà fúnra rẹ̀, láìsí àfikún, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 280 títí dé ọdún 25, ìyẹn àsìkò tí Róòmù ń dìde. Ní ti àwọn àfikún, Immortal Fire kó àwọn Gíríìkì, Páṣíà àti Alexander wọlé. Legions Triumphant jẹ́ ti ìjọba Róòmù lẹ́yìn ìbí Kristi. Swifter than Eagles padà sẹ́yìn lọ sí ìgbà kẹ̀kẹ́ ogun Íjíbítì àti Ásíríà. Àwọn mìíràn tún wà. Immortal Fire ni èmi yóò mú ṣáájú, nítorí ẹni tó bá ti jà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin Alexander yóò mọ ohun tí ẹlẹ́ṣin wà fún. Ní ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkọ́kọ́, ẹ mú Róòmù: wọ́n ń dárí àṣìṣe jini.

Ìgbà wo ni ogun parí, ṣé kí n sì fi sílẹ̀ bí mo bá ti ń pàdánù?

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan wó nígbà tí ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ bá ti sá, tàbí nígbà tí ìdá 40 bá ti sá tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti ọ̀tá sì tó 25. Ẹ ka òfin yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìdá 45 nínú tiyín bá ti sá, tí ti ọ̀tá sì jẹ́ 22, ogun ò tíì parí, ọ̀wọ́ ọ̀tá kan tí ẹ bá tún fọ́ yóò fún yín láyè sí i. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dáàbò bo ohunkóhun mọ́. Ẹ wá èyí tó ti di Fragmented nínú ìlà ọ̀tá, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tó kù yín lù ú.